Ẹ Tún Ọdún Tí Mo Fi Dáko Kà Kí Wọ́n Tó Ta Ilẹ̀ Ẹ̀yìn Odò Cane

Ilé Kejìlá, Ọ̀nà Kédárì Méjì,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Pruitt,
Ìpínlẹ̀ Georgia.

Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Atúnyẹ̀wò,
Ètò Ilẹ̀ fún Àgbẹ̀ Tuntun àti Àgbẹ̀ Tí A Fi Sẹ́yìn,
Ilé Ìjọba, Pruitt.

Ẹ̀yin Ọ̀gá Mi,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YÍ ÌDÁJỌ́ ỌJỌ́ KẸSÀN-ÁN OṢÙ ÈRÈLÉ PADÀ, KÍ WỌ́N TÓ TA ÉÉKÀ MÉJÌDÍNLÓGÚN MỌ́ MI LÓJÚ NÍ ỌJỌ́ KEJÌDÍNLỌ́GBỌ̀N OṢÙ YÌÍ

1. Èmi Ozella Threatt, opó, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Tamar ọmọ ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, mo ní rárá. Kíláàsì kẹfà ni mo kàwé dé, nítorí pé bí òwú bá ti là, wọ́n a ti ilé ẹ̀kọ́ àwa ọmọ aláwọ̀ dúdú pa títí a ó fi ṣa á tán. Bí lẹ́tà kan bá wọ́, ẹ fara dà á. Ẹ má tìtorí rẹ̀ rò pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ohun tó ń sọ.

2. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọ́fíìsì yín kọ̀wé sí mi pé n kò yẹ fún ìrànwọ́ àtira ilẹ̀. Wọ́n ní àgbẹ̀ tuntun ni ètò náà wà fún, ẹni tí kò tíì dáko ju ọdún mẹ́wàá lọ, pé èmi ti ṣe é fún ọdún márùndínláàádọ́rin. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ọdún mẹ́fà ni. Ẹnu mi ni àṣìṣe náà ti jáde, ọwọ́ mi ló sì gbé e wọ inú fáìlì yín. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Nítorí náà, kò sí ẹlòmíràn tó lè bá mi ṣàlàyé rẹ̀.

3. Ilẹ̀ tí mò ń wí wà lẹ́yìn odò Cane. Éékà méjìdínlógún ni. Ìyáàfin Leanne Coyle ló ni ín báyìí, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Alton Burdette tó ti dolóògbé. Orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ó ń ta gbogbo rẹ̀, ilé iṣẹ́ sólà kan ló sì fẹ́ rà á, wọ́n fẹ́ to gíláàsì wọn láti ojú títì títí dé etí odò. Ìyáàfin Coyle ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi éékà méjìdínlógún sílẹ̀ fún mi ná. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bá mi sún ọjọ́ náà síwájú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dúró ní ẹnu ọ̀nà mi, kò tilẹ̀ fẹ́ jókòó, ó ní, “Mísì Ozella, mo ti bá wọn wí títí, ó ti sú wọn. Tó bá di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, tí ìwé ìjọba ò bá tíì dé, ọwọ́ mi ò ká a mọ́ o. Ẹ má bínú sí mi.” N kò bínú sí i. Báńkì ti ní àwọn yóò yá mi ní èyí tó pọ̀ nínú owó ilẹ̀ náà bí ẹ̀yin bá lè san apá àkọ́kọ́. Gbogbo ẹ̀ wá kù sí ọwọ́ yín.

4. Ìyá mi, Hattie Mims, wà lábẹ́ igi kédárì lórí ilẹ̀ náà, ní apá òkè. Ọmọkùnrin mi tó lo ọjọ́ mọ́kànlá láyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ sólà rán wá pé báwo ni tiwọn yóò ti jẹ́. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn yóò fi irin ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, àwọn yóò sì fún mi ní nọ́ńbà tí n ó máa pè bí mo bá fẹ́ wọlé. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, wọ́n fẹ́ kí n máa gba àyè kí n tó kí ìyá mi.

5. Bí àṣìṣe náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, mo jókòó níwájú akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Dwight Pell. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó dìde dúró títí mo fi jókòó, kò sì pe orúkọ mi lásán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọkùnrin méjì kan wà lẹ́yìn mi tí wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ tiwọn, mo mọ bàbá àwọn méjèèjì. Ọ̀gbẹ́ni Pell bi mí pé, “Mà, ọdún mélòó lẹ ti ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀?” Ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ̀yìn yẹn rẹ́rìn-ín sínú fìlà rẹ̀, ó ní, “Àgbẹ̀ tuntun kẹ̀! Ẹ wá wo ọmọ tuntun o.” Mo gbọ́ ọ. Mo na ẹ̀yìn mi tọ́ọ́ró, mo ní, “Ọdún márùndínláàádọ́rin. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, bàbá tó bí ẹ ò tíì já lẹ́nu ọmú tí mo ti ń ṣa òwú.” Ọ̀gbẹ́ni Pell wò mí, ó gbé kálámù sókè, ó ní, “Ṣó dá yín lójú pé bẹ́ẹ̀ ni kí n kọ ọ́, mà? Ẹ rọra rò ó.” Ní ìsinsìnyí mo ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló ń dì mú fún mi. Mo ní, “Kọ ohun tí mo sọ, ọmọ mi.” Ó kọ ọ́.

6. Ẹ má rò pé mo fẹ́ fọ́nnu lásán ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Òkè Nébò, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni Ọjọ́ Irúgbìn. Díákónì a dìde, a ké pé, “Ọdún mélòó nínú oko?” Olúkúlùkù a sì dìde pe iye tirẹ̀. Wọ́n a bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ọmọdé, wọ́n a máa gòkè bọ̀. Ọjọ́ tí ìyá ẹni bá kọ́kọ́ so àpò òwú kọ́ ẹni léjìká ni a ti ń kà. A kì í béèrè pé oko ta ni. Àwọn bàbá wa àgbà ló dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á, gbogbo ìjọ ni ì bá wà ní ìjókòó. Ẹni tí ọdún rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń gbàdúrà sórí irúgbìn. Gbogbo ènìyàn a ki ọwọ́ bọ inú abọ́ rẹ̀, wọ́n a bu díẹ̀ lọ sílé, ìgbà náà ni wọ́n tó lè gbìn. Láti ìgbà tí Arákùnrin Cleophus Yancey ti lọ sinmi, èmi ni. Ọdún mẹ́rin rèé.

7. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi so àpò kọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé yín bi mí ní ìbéèrè yẹn, ohùn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi dá a lóhùn. Níbòmíràn kò sí ẹni tó bi mí rí láyé mi.

8. N kò tilẹ̀ fi mọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo rántí ẹ̀rín tí ọkùnrin yẹn rín, mo lọ bá Díákónì Rufus Gadsden pé kí ó bá mi fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó lu òǹtẹ̀ ìjọ sí i: “Arábìnrin Ozella Threatt ti wà lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọdún márùndínláàádọ́rin láìsinmi.” Ní ọjọ́ kejì mo gbé e wá fún yín fúnra mi. Ìwé yẹn gan-an ni ẹ tọ́ka sí nígbà tí ẹ lé mi. Mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

9. Ẹ jẹ́ kí n wá tú ọdún márùndínláàádọ́rin náà sílẹ̀, kí ẹ rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti 1959, oko ìdajì ni bàbá mi, Esau Mims, ń ṣe fún àwọn Burdette. Ilẹ̀, irúgbìn àti ìbaaka jẹ́ tiwọn. Ọwọ́ jẹ́ tiwa, ìdajì ìkórè sì jẹ́ tiwọn. Nígbà tí mo fẹ́ Lonnie Threatt ní 1972, ilẹ̀ kan náà ni a dúró sí. Nígbà tí katakata dé tí oko ìdajì sì tán, àwa méjèèjì di alágbàṣe wọn, lórí ẹ̀pà, lórí àgbàdo, lórí ànàmọ́. Lonnie kú sẹ́nu iṣẹ́ náà ní 2009. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ọjọ́ kan tí èmi tàbí ẹni tèmi yan ohun tí a ó gbìn, tàbí ibi tí a ó gbìn ín sí, tàbí ọjọ́ tí a ó gbìn ín, tàbí ẹni tí a ó tà á fún.

10. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ní 1984, mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Burdette pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti rẹ̀, àgbàdo kò lè ṣe dáadáa níbẹ̀ mọ́, pé kí a fi ẹ̀wà sí i fún ọdún kan. Orí katakata ló wà. Kò pariwo. Ó ní, “Ozella, ọwọ́ rẹ ni mo gbà síṣẹ́. Orí wà lọ́rùn tèmi.” Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó gbin ẹ̀wà sí ibi tí mo wí gan-an, ó sì ń sọ káàkiri pé orí òun ni èrò náà ti wá. Èmi ni mo ro ó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí Kérésìmesì bá dé, a máa gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ wá fún wa. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí orí wà.

11. Tamar ka ìwé òfin ètò yín sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ojú ìwé kẹrin, ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé àgbẹ̀ ni ẹni tó ń pinnu ohun tí a ó gbìn tí ó sì ń ru ewu rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oṣù Ẹrẹ́nà 2018 ni mo di àgbẹ̀. Ní ìgbà òtútù tó ṣáájú rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Burdette kú. Ọmọ rẹ̀ dé láti Atlanta, ó rìn yí ilẹ̀ ká pẹ̀lú mi nínú bàtà tí kò yẹ fún ẹrẹ̀, ó ní, “Mísì Ozella, èmi ò mọ àgbàdo yàtọ̀ sí koríko. Ẹ mú apá ẹ̀yìn odò yẹn. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ gbìn.” Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí, òun ni ìwé àkọ́kọ́.

12. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ síbẹ̀. Mo da garawa dojú dé, mo jókòó lé e. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni mí nígbà náà, ọwọ́ mi sì mọ gbogbo ohun tó wà nínú oko, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi orí mi léèrè ohunkóhun rí. Mo jókòó títí oòrùn fi kanrí. N kò lè pinnu. Mo padà sílé láì fọwọ́ kan ilẹ̀. Nígbà tí Earline Boykin ọ̀rẹ́ mi béèrè bí oko ṣe rí, mo ní orúnkún ló ń dùn mí.

13. Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Tamar yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n bí ó bá ka ẹ̀dà ìwé yìí. Àwọn àṣìṣe mi ni, mo sì fi wọ́n síwájú yín bí ẹ̀rí.

(a) Ní 2018 mo gbin ànàmọ́ sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ létí odò, mo rò pé omi yóò ràn án lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń ro ànàmọ́, n kò sì béèrè rí ìdí tí Ọ̀gbẹ́ni Burdette fi ń gbìn ín sí òkè. Gbogbo rẹ̀ jẹrà sínú ilẹ̀. Mo fi ọkọ́ tún ilẹ̀ bò ó, mo sì sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àgbọ̀nrín ló jẹ ẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì gbé ìbọn wá láti bá mi ṣọ́ àgbọ̀nrín. Mo dáná fún wọn, wọ́n jẹun, wọ́n ṣọ́ ọ, n kò sì lè jẹ́wọ́.

(b) Ní 2019 mo gbin gbogbo ẹ̀wà mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbó. Èmi nìkan kò lè ká a, n kò sì rí ẹni tí yóò rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí gbogbo àdúgbò wá ká a lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń yìn mí títí di òní pé mo lawọ́.

(d) Ní 2020 ooru àkọ́dé tàn mí, mo gbé ilá jáde kí Àjíǹde tó dé. Ìrì dídì pa á mọ́jú.

(e) Ti 2021, mo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà kan láì jẹ́ kí Tamar kà á fún mi. Èyí tí mo sọ nípa rẹ̀ yìí tó.

Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ àti orí ti ń gbọ́ ara wọn. Ní ọdún tó kọjá, ànàmọ́ mi wà lórí òkè níbi tó yẹ kó wà, ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ Pruitt sì kó gbogbo rẹ̀. Olórí alásè wọn fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí n má tà fún ẹlòmíràn lọ́dún yìí. Ìwé kejì nínú àpòòwé yìí nìyẹn. Ẹni tó ti dáko fún ọdún márùndínláàádọ́rin kì í gbin ànàmọ́ sínú àbàtà. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

14. Ìwé yín tún sọ pé mo lè gba ọ̀nà kejì wọlé, bí àgbẹ̀ tí a fi sẹ́yìn, bí mo bá lè mú ìwé wá pé èmi tàbí ìdílé mi ti tọrọ ìrànwọ́ rí tí wọ́n sì kọ̀ fún wa. N kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní 1961 bàbá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan láti béèrè bí òun náà ṣe lè ra ilẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó dúró láti àárọ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tó délé, ó gbé fìlà rẹ̀ kọ́, ó ní, “Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Kò sí ọmọ tí mo bí tó gbọ́dọ̀ lọ dúró níbẹ̀ mọ́. Bí a ó bá jẹ ewé, a ó jẹ ewé.” A gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ohun tó fà á nìyẹn tí ìwé kò fi sí. Ẹni tí wọn kò pè wọlé, ta ni yóò kọ̀wé pé àwọn lé e? Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ẹ̀jẹ̀ Esau Mims tún kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì ìjọba nítorí ilẹ̀, ọjọ́ tí mo sì wá náà ni mo ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́.

15. Ọ̀gbẹ́ni Pell, nítorí àánú, fi tẹlifóònù pè mí lẹ́yìn tí ìwé yín jáde. Ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọmọ yín fi orúkọ tirẹ̀ tọrọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀. Tamar fẹ́ràn ilẹ̀, òun ni n ó fi í lé lọ́wọ́ lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n títí di òní, òdòdó inú ìkòkò nìkan ni ohun tó gbìn tí kò tíì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò ní kọ́ ọ láti fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ oko. Mo ti purọ́ àgbọ̀nrín, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn di ọdún kẹfà yìí.

16. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo padà lọ bá Díákónì Gadsden pé kí ó kọ ìwé mìíràn fún mi, kí ó kọ ọdún mẹ́fà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Arábìnrin Ozella, ṣé kí n wá kọ ọ́ pé ẹ ò ṣe àgbẹ̀? Èmi tí ẹ máa ń ṣa òwú kọjá lójú aporo, tí ẹ ó tún máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?” Mo ní, “Kọ ọ́ pé ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi orí ara mi pinnu.” Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìwé ìjọ kì í ṣe tèmi. Ohun tí kálukú bá fẹnu ara rẹ̀ pè ni mò ń kọ síbẹ̀. Ẹ ó ní láti pè é lójú gbogbo wa. Àbí ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni?” Mo mọ̀ ọ́n.

17. Ọjọ́ Irúgbìn bọ́ sí ìjẹta, Sọ́ńdè. Mo wọ funfun bí mo ṣe máa ń wọ̀ ọ́. Abọ́ irúgbìn wà níwájú mi, nítorí wọ́n ti gbé e síbẹ̀ fún mi. Díákónì ké pé, “Ọdún mélòó nínú oko?” Àwọn ọmọ ọlọ́dún kan dìde, ọlọ́dún méjì, ọlọ́dún mẹ́ta. Nígbà tó kan ọlọ́dún mẹ́fà, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá dìde, èmi náà dìde. Earline fa aṣọ mi láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ròkè, “Ozella, jókòó! Kò tíì kàn ẹ́. Ṣé o sùn ni?” Mo ní, “Ó ti kàn mí. Mẹ́fà.” Lẹ́yìn náà ni Earline, nítorí kò lè rí ìdákẹ́jẹ́ kó má dá sí i, sọ pé, “Ó dáa o. Ẹ wá àga kékeré fún ọmọ wa, ẹ sì bá a so bàtà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in. Díákónì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ kúrò níwájú mi lọ síwájú Arákùnrin Wendell Oates, ọlọ́dún mọ́kànléláàádọ́ta. Àdúrà rẹ̀ gùn, ó sì gbàgbé ilá. Mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọdé, mo ki ọwọ́ bọ inú abọ́ rẹ̀, mo bu tèmi. Nígbà tí a jáde, Earline dì mọ́ mi. Ẹ̀dà ojú ìwé ìjọ náà ni ìwé kẹta nínú àpòòwé yìí, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

18. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, n kò ní ilẹ̀ rí. Iye ọdún tí mo lè fi dìde gbẹ̀yìn ní Òkè Nébò ni ohun ìní tí mo ní tí ẹnikẹ́ni kò lè tà mọ́ mi lójú. Mo ti fi í sílẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, mo sì so ó mọ́ ìwé yìí. N kò mọ ohun mìíràn tí mo tún lè fi kún un.

19. Nítorí náà mo ń bẹ̀ yín:
kí ẹ yọ ìwé àkọ́kọ́ Díákónì Gadsden kúrò, kí ẹ fi ìwé kẹta inú àpòòwé yìí rọ́pò rẹ̀;
kí ẹ fi ojú ìwé kẹrin òfin yín wọn ọdún mi;
kí ẹ sì dá mi lóhùn kí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tó kàn. Bí ìdáhùn yín bá dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kò wúlò fún mi mọ́, bó ti wù kó dára tó. Bí ẹ bá fẹ́ rí oko náà, ẹ wá. Ìtàkùn ànàmọ́ ti ń yọ lórí ebè ìtọ́jú lẹ́yìn ilé mi báyìí. Bí oṣù Igbe bá ń lọ sópin, yóò ti tó lọ́ sí oko. N kò tíì mọ ilẹ̀ tí n ó lọ́ ọ sí.

20. Mo fẹ́ fi ìdúróṣinṣin parí ìwé yìí, kí n sọ pé n kò tọrọ àánú, òfin ni mo ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, mo sì ti fa á ya. Bí òfin kò bá gbé mi dé ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àánú kún un. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ rẹ̀. Bàbá mi kò kọ́ wa. Mo rò pé báyìí ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà mí dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ń retí yín,

Ozella Mims Threatt
Àgbẹ̀, ọlọ́dún mẹ́fà.